Ohùn Nọ́ọ̀sì Lójú Fèrèsé

Ọjọ́bọ̀. Òjò kò tíì dá.

Èmi, Ọlọ́lá Jùlọ, Mínísítà Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Omi, Ẹrẹ̀ àti Garawa, ni mo ṣí ìwé ìrántí yìí lónìí nínú ọ́fíìsì mi. Ọ́fíìsì náà wà ní kíláàsì kẹta, lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé, láàárín ẹrù Ìyá Àgbà àti ẹsẹ̀ bàbá kan tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú dìde dúró nígbàkigbà tí mo bá ń kọ̀wé. Títí di àsìkò yìí, kò sẹ́ni tó dìde.

Ìròyìn ìjọba rèé. Odò ti kúrò níbi tí a mọ̀ ọ́n sí. Ó ń wọlé kiri bí agbowó-orí, kò kan ilẹ̀kùn, kò kí onílé, ohun tó bá wù ú ló ń kó. Ó gbé ìkòkò Ìyá Àgbà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì wa, ó gbé afárá tí màmá wa gbà lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, màmá sì há sí òdìkejì. Àwa tó kù, èmi àti Ìyá Àgbà àti àbúrò mi ọkùnrin, bá gbogbo àdúgbò gun òkè wá sí ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àbúrò mi. Bọ́ọ̀lù là ń pè é nítorí ikùn rẹ̀, tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

Ilé-ìwé yìí kan náà ni wọ́n ti lé mi lọ́dún tó kọjá, torí pé mo fi ohùn Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí gbogbo kíláàsì máa lọ sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ tún tẹ ọgbà náà mọ́ láyé mi. Ó dáa. Mo ti dé, mo tún ń sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì. Òjò, oòrùn díẹ̀, òjò.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló di olórí àgọ́. Ó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó jìn. Mo jí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ gbé, mo wọ ẹ̀yìn ògiri, mo ní: "Ẹ̀yiiin ọkùnriiin àgọ́ yìíí! Ẹ jáde wá gbálẹ̀! Ẹni tó bá jókòó, ìrẹsì alẹ́ ò kàn án!" Ẹ wá wo eré. Bàbá tó ń hanrun ló kọ́kọ́ jáde, ó dorí ìgbálẹ̀ kodò. Wọ́n gbá àgbàlá títí ó fi mọ́ tónítóní. Nígbà tí Ọ̀gá yọ tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níta, ó dúró, ó fọwọ́ kan ọ̀fun bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ó dì mí létí mú. Nọ́ọ̀sì ló gbà mí. Àná ni ọkọ̀ ojú omi gbé e wá, òun nìkan, pẹ̀lú àpótí oògùn kan. Yàrá ìkówèésí ni wọ́n fún un, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Ó ti ta aṣọ sí fèrèsé náà.

"Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò mọ ọmọ yìí. Odídẹ ni wọ́n ń pè é. Ẹnu rẹ̀ ló máa pa á."

"Kó tó pa á, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣé a jọ gbọ́ ara wa?"

Bó ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, imú ló ń gbà jáde, yóò ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, yóò wá ní, "Ṣé a jọ gbọ́ ara wa?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ Ajé. Ooru.

Ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ní kíláàsì kejì, ọ̀kan ní tiwa. Omi kànga ti dàpọ̀ mọ́ àkúnya omi.

Mínísítà lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Lítà omi kan, tó ti hó, tó sì ti tutù. Ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, kí n fi ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ìdajì ṣíbí iyọ̀, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ àwọn ìyá alásè.

"Tọ́ ọ wò. Tí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, dà á nù."

"Àǹtí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ bí omijé ṣe rí lẹ́nu?"

"Ìwọ tí wọ́n ti nà tó báyìí, o ò mọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ṣúgà nù, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ti wọ́n ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ ní àgọ́ yìí.

Ó tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ. Fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, jù ú sílẹ̀. Tó bá padà kíá, omi ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá dúró bí aṣọ tó rún, omi ti ń tán. Kí n wo ojú bóyá ó jìn. Kí n wo ẹkún bóyá omi ń jáde níbẹ̀. Kí n máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Tó bá bì, kí n ní sùúrù, kí n tún bẹ̀rẹ̀, kí n rọra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ ọmú kò gbọdọ̀ fi ọmú sílẹ̀. Tó bá wá di ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ ò lè mu nǹkan kan mọ́, "ìyẹn kọjá èmi àti ìwọ, ọkọ̀ ni."

Àwọn ọmọ kọ̀ láti mu ún. Mo bá sọ ife di ènìyàn. Ife ń bẹ̀bẹ̀ ní ohùn Ọ̀gá: "Ẹ jọ̀ọ́ọ́, ẹ má muuu mí, mo níyàwóóó nílé!" Wọ́n mu ún láìku ẹyọ kan. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí wọ́n bu Ọ̀gá kún un.

Ọjọ́rú. Òjò.

Wàhálà mìíràn: àwọn ìyá ń dá omi dúró, wọn ò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ mu mọ́. Ìyá Àgbà mi ni gíwá wọn.

"Garawa ń jò, ẹ tún ń pọnmi sí i. Ṣé orí pé?"

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. "Màmá, tí garawa bá ń jò, tí ẹ ò tíì rí nǹkan dí i, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹni tó ń mu níbẹ̀, kí lẹ máa ṣe?"

Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. "Màá máa pọn sí i."

"Ṣé a jọ gbọ́ ara wa?"

Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu Nọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ o. Nígbà tí èmi sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní kíláàsì kejì, ìyàwó Télọ̀, tó ń fọ́mọ lọ́mú, dá mi lóhùn pé, "Odídẹ, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, àná lo ṣe bí ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ tí mo sá jáde láìwọ bàtà." Òótọ́ ni. Mo ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì kò sùn láti àná. Àwọn ìyá ń kan fèrèsé láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ń fara ti ògiri, ojú rẹ̀ ń padé. Ẹnì kan tún kan fèrèsé: "Nọ́ọ̀sì, ó bì í, ṣé kí n ṣì máa fún un?"

Kí n tó mọ̀, mo ti ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn aṣọ. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ṣé a jọ gbọ́ ara wa?"

"A gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣé o."

Nọ́ọ̀sì la ojú. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, dúró síbẹ̀ fún mi kí n sùn díẹ̀."

Àbúrò mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, gbogbo ẹni tó ti mẹ́nu kan ẹnu mi, èébú ni wọ́n fi mẹ́nu kàn án. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ó wúlò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò líle láti àfẹ̀mọ́júmọ́.

Àìsàn ọmọ mẹ́ta le gan-an. Ọkọ̀ wá kí ojú tó mọ́ kedere, wọ́n gbé wọn sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá wọn. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ òjò, ó fà mí wọ yàrá.

"Màá bá wọn dé ọsibítù. Mò ń bọ̀ lọ́la. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò sí, wọ́n á tún dá omi dúró. Sọ fún wọn pé ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu, pé mi ò fẹ́ kó ran àwọn ọmọ, pé láti ojú fèrèsé ni màá ti máa dá wọn lóhùn. Má ṣí aṣọ yẹn fún ẹnikẹ́ni."

"Títí di ọ̀la?"

"Ọ̀la náà ni."

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, ó fọwọ́ pa mí lórí. Ọ̀gá wà lẹ́yìn kíláàsì tó jìn jù, ó ń ka àpò ìrẹsì, kò rí ohunkóhun.

Ẹ kí Mínísítà kú oyè tuntun. Wọ́n ń kan fèrèsé, mò ń dáhùn. Ẹ wá gbọ́ ìgbà tí oògùn bá máa jáde: "Odídẹ!" "Ẹ̀ẹ́n, Àǹtí!" "Gbé omi yìí fún ìyàwó Télọ̀, má sì dà á sílẹ̀!" "Mi ò ní dà á sílẹ̀, Àǹtí!" Ẹnu kan, ènìyàn méjì. Wọ́n ń gbé ìrẹsì Nọ́ọ̀sì wá sẹ́nu ọ̀nà, mò ń jẹ ìdajì, Bọ́ọ̀lù ń jẹ ìdajì.

Ọjọ́rú.

Kò dé. Òjò ni, bóyá.

Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gá wá sójú fèrèsé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ikọ́. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa ọmọbìnrin yẹn. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Oníjìbìtì ni."

Mo ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gá, ọmọ dáadáa ni o. Orí rẹ̀ pé. Mo gbọ́ pé wọ́n lé e nílé-ìwé. Ta ni aláìlójú àánú tó ṣe irú ìyẹn?"

Mo gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní, "Ẹ máa sinmi, Nọ́ọ̀sì."

Mo bọ́ sílẹ̀, mo bu aṣọ jẹ kí ẹ̀rín má bàa bú jáde. Ẹ̀rín tí mo rín gbẹ̀yìn nìyẹn.

Nígbà tí mo ń wá ọṣẹ tí màá fi fọ ife ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí yàrá náà dáadáa. Ìṣó tó ń fi aṣọ kọ́, òfìfo. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó ń ta lórí ẹní, kò sí. Sálúbàtà, kò sí. Kóòmù, kò sí. Àní ọṣẹ ìwẹ̀ tó ti lò dé ìdajì, ó kó o lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́la kì í kó ọṣẹ ìwẹ̀ lọ.

Mo jókòó sórí àpótí oògùn. Mo ní bóyá ó fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀ ni. Mo tún un sọ ní ohùn Nọ́ọ̀sì, bóyá màá gbà á gbọ́. Mi ò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì. Òjò dá.

Ọkọ̀ gbé ìrẹsì wá. Mo sáré ju gbogbo ènìyàn lọ dé etí omi.

"Bọ̀dá ọlọ́kọ̀, Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì yín? Àwọn ọmọ yẹn dé ọsibítù, ara wọn ti ń balẹ̀. Òun sọ̀ kalẹ̀, ó wọ mọ́tò ìlú rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe tòun tán."

"Ṣé ó fi iṣẹ́ rán yín sí mi?"

"Sí ìwọ? Ta ni ọ́?"

Ó já àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó tu ọkọ̀ lọ.

Mo padà sẹ́yìn aṣọ. Obìnrin kan kan fèrèsé: "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Ẹ̀yin lẹ dúró tì wá." Mo ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ṣé a jọ gbọ́ ara wa?" Èmi gan-an fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìgbẹ́ gbuuru ti mú Bọ́ọ̀lù náà. Láti ìdájí ló ti ń yà, ó ti yà á débi pé funfun bí omi ìrẹsì ló ń jáde.

Ìyá Àgbà gbé ife kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé wọ yàrá, mo dé ojú fèrèsé kó tó dé ibẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀mí ọmọ yìí ló kù fún mi. Ìyá rẹ̀ wà lódìkejì omi. Ṣé kí n ṣì máa fún un?"

Orí rẹ̀ wà ní ìwọ̀n apá kan sí mi. Mo ń gbọ́ òórùn ìpara rẹ̀. Mo fi ohùn ẹlòmíràn bá ìyá ìyá mi sọ̀rọ̀: "Ẹ máa fún un, Màmá. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró."

"Ó dáa, Nọ́ọ̀sì. Torí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ó fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, Bọ́ọ̀lù tọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìtọ̀ lè mú ènìyàn jó.

Ọjọ́ Àìkú. Oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyàwó Télọ̀ wá sójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ ọmú rẹ̀ lápá. Ó ní ibà ti ń mú un láti àná, kò gba ọmú mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì: Ìyẹn kọjá èmi àti ìwọ, ọkọ̀ ni.

Ọ̀gá wà nítòsí. Mo ha ọ̀fun. "Ọ̀gá, ẹ pe ọlọ́kọ̀ kíákíá. Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ dé ọsibítù."

Ọ̀gá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tíì fojú kan ọmọ náà. Ẹ mọ̀ pé epo ọkọ̀ kò pọ̀, ẹni tí ẹ bá fojú rí ló ń lọ. Lánàá, ìyá mẹ́ta ló ní tàwọn le. Ẹ jáde wá wò ó."

"Ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu."

"Ẹ fi aṣọ bo imú."

Ìyàwó Télọ̀ tẹ ọmọ náà mọ́ aṣọ fèrèsé. Mo rí bí orí rẹ̀ kékeré ṣe yọ lára aṣọ náà. "Nọ́ọ̀sì, ẹ kàn fọwọ́ kàn án. Mi ò tọrọ oògùn. Ẹ kàn fọwọ́ kàn án."

Ohùn tó wà lọ́fun mi lè sọ ohunkóhun. Ó lè pàṣẹ, ó lè bú, ó lè tuni nínú. Kò ní ọwọ́.

Mo fa aṣọ náà lulẹ̀.

Ìyàwó Télọ̀ ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá Nọ́ọ̀sì nínú yàrá. Mo fi ohùn ara mi sọ fún wọn pé kò sí níbẹ̀, pé ó ti lọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé èmi ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ pe ọkọ̀. Ẹ nà mí lẹ́yìn náà."

Ọ̀gá pe ọkọ̀. Ìyẹn ni mo máa rántí fún un: ó kọ́kọ́ pe ọkọ̀, kó tó gbá mi létí.

Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀dàlẹ̀!" "Ọmọ yìí ló ń bá wa ṣeré láti ọjọ́ yìí!" "Omi kí lo ń fún àwọn ọmọ wa?" Wọ́n ń da omi iyọ̀ àti ṣúgà sílẹ̀ láti kíláàsì dé kíláàsì, odò kékeré ń ṣàn lọ sí àgbàlá. Ìyàwó Télọ̀ kò bú mi. Ó wo ojú mi, ó pọn ọmọ, ó lọ sí etí omi.

Ìyá Àgbà da ife Bọ́ọ̀lù nù lójú mi. Ó ní, "Mo bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí àbúrò rẹ, o fi ohùn àlejò dá mi lóhùn."

Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì ló dalẹ̀, wọ́n ní èmi náà dalẹ̀. Èmi ń wá ẹni tí mo lè pè ní ọ̀dàlẹ̀ lójú rẹ̀, kò sí nítòsí.

Ọjọ́ Ajé.

Òwúrọ̀. Ojú Bọ́ọ̀lù ti jìn wọlé. Ó ń sunkún, kò sí omi lójú. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n fún un." Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀."

"Kí n fa kí ni?"

"Ẹ fà á sókè, kí ẹ jù ú sílẹ̀."

Bóyá torí pé mi ò ṣe ohùn kankan ni. Ó fà á. Ó jù ú sílẹ̀. Awọ náà dúró gán-ń-gán. Ìyá Àgbà, tó ti bí mẹ́fà tó sì ti sin méjì, ń wo ikùn tí a fi sọ ọmọ lórúkọ, ó rún bí aṣọ tí wọ́n fún.

"Ẹ fa tèmi náà." Ó fà á. Ó padà kíá.

"Omi ló yàtọ̀ síra wọn," ni mo wí. "Kì í ṣe Nọ́ọ̀sì."

Ó na ife sí mi. Mo po omi lójú rẹ̀, mo rẹ́ ṣúgà, mo ní kó tọ́ ọ wò. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ṣíbí. Bọ́ọ̀lù bì, Ìyá Àgbà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Títí oòrùn fi yí, kò gbé ṣíbí náà fún ẹlòmíràn. Nígbà tó tún fa awọ ikùn náà, ó padà, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó padà. Ó pariwo bí ẹni rí màmá mi lórí omi.

Ó sì dìde, ó so gèlè, ó wọ kíláàsì kejì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jókòó. Ẹ fa awọ ikùn ọmọ yín. Ẹ má gbọ́ tèmi, ẹ má gbọ́ ti Odídẹ, ẹ fà á kí ẹ fojú yín rí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú.

Ìyá Àgbà ń fa ikùn. Mò ń po omi. Ọwọ́ mi ti bó. Kò sẹ́ni tó ń bú mi, kò sẹ́ni tó ń kí mi.

Ọjọ́ Ẹtì. Oòrùn. Omi ti ń fà.

Ọkọ̀ dé pẹ̀lú dókítà kan, àti páálí mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí ìkẹjọ, aṣọ funfun rẹ̀ tuntun.

Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, Ọ̀gá ti fà mí sápá kan. "Pa ẹnu rẹ mọ́ lónìí. Oògùn ló wà nínú àwọn páálí yẹn. Bí a bá dójú ti obìnrin yìí, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á kó páálí náà padà?"

Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sí ibì kan, torí kò ní tún ṣẹlẹ̀.

Dókítà bi wọ́n pé ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí. Nọ́ọ̀sì ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì. "Èmi ni, Dókítà. Mo kàn bá àwọn tó le jù lọ ni. Mo ti fi àbúrò mi yìí dípò ara mi, èmi ni mo kọ́ ọ." Ó fọwọ́ pa mí lórí níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ rà á.

Ìyá Àgbà dìde. "Dókítà, ẹ kú àbọ̀. Obìnrin yìí gbé ara rẹ̀ lọ, ó fi ohùn sílẹ̀ fún wa. Ẹ bá mi bi í pé ọ̀nà wo ni ohùn máa ń gbà fọwọ́ kan ọmọ."

Dókítà bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó wo Nọ́ọ̀sì, ó wò mí. Ó wọ kíláàsì, ó ń fa awọ ikùn àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá sì ń sọ fún un kó tó bèèrè: tèmi ti padà, tèmi ṣì lọ́ra. Wọ́n kó páálí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kalẹ̀. Kò sí èyí tó padà.

Nọ́ọ̀sì pàdé mi lẹ́yìn yàrá ìkówèésí. Mo ti rò pé yóò bẹ̀ mí. Mo ti múra ohùn mẹ́ta sílẹ̀ tí màá fi dá a lóhùn, ọ̀kan jẹ́ ti adájọ́.

Ó ní, "Ìwọ náà, Odídẹ? Mo ní kí o má ṣí aṣọ yẹn. O dà mí."

Kò sí ọ̀kan nínú ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde.

"Àǹtí, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́la."

"Ó rẹ̀ mí. O ò lè mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó rẹ èmi náà."

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó gbà á. Ó wo ọwọ́ mi tó bó. Mo dúró díẹ̀ sí i. Bí ó bá tún pè mí ní àbúrò lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rù pé màá jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ajé.

Ìyàwó Télọ̀ padà dé lónìí. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tinrín, ó ń fa etí ìyá rẹ̀. Dókítà ọsibítù ní ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀ ni, ọmọ náà kì bá tí yè. Ó kí Ọ̀gá, ó kí Ìyá Àgbà, ó dì mọ́ àwọn obìnrin kíláàsì kejì. Ó gba iwájú mi kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dúró, ó tún ọmọ pọ̀n dáadáa, ó lọ. Mi ò bínú sí i. Mo kàn fẹ́ kó bú mi.

Mo ti ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí Mínísítà kankan. Kò sí ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n lé kúrò nílé-ìwé ló kọ ọ́, sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò tó rí nínú ẹrẹ̀, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ tirẹ̀ ni.

Bọ́ọ̀lù kọ omi àárọ̀. Ó ní, "Ṣe Nọ́ọ̀sì." Mo ní ẹni yẹn ti lọ. Ó ní, "Ṣe Ọ̀gá." Mo ní Ọ̀gá ń sùn. Ó rò ó, ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi wà."

Ó gba ife, ó mu ún.